Ta ni "wọ́n" nínú "Wọ́n lé wa"?

Ní ọ̀sẹ̀ tí a wọlé fún sáà yìí, mo ra báàgì Ghana Must Go kan ní Ọ̀ṣòdì, èyí tó tóbi jù, aláwọ̀ búlúù àti pupa. Bí ìyá tó ń tà á ṣe ń fà á kí n lè rí i pé kò ní í ya, mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀?" Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dín owó ọjà. Wọ́n ní, "Orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n lé àwọn ará Gánà lọ. Àwọn náà ló kọ́kọ́ lé wa." Wọ́n gba owó wọn, wọ́n sì kọjú sí oníbàárà mìíràn.

Mo ń ro gbólóhùn yẹn lọ nínú ọkọ̀ láti Ọ̀ṣòdì títí tí mo fi bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ìsọlọ̀. Ta ni "wọ́n" tó lé àwọn ará Gánà? Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n ìyá náà kò dárúkọ ìjọba kankan. Ta ni "àwọn náà"? Gbogbo ará Gánà ni, títí kan ọmọ tí wọ́n bí lánàá ní Accra. Ta wá ni "wa"? Ìyá yìí kò lè ju ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta lọ. Kò sí ẹni tó lé wọn kúrò ní Gánà rí. Bóyá wọn kò tilẹ̀ tíì kọjá Sẹ̀mẹ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìjà láàárín orílẹ̀-èdè méjì, wọ́n sábà máa ń sọ pé ìbínú ló fà á, tàbí ìgbéraga, tàbí ẹ̀san. Mo gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kò ní inú tí yóò bí i, kò sì ní ojú tí yóò tì í. Ènìyàn ló ní inú. Báwo ni ìbínú ṣe ń kúrò nínú ẹnì kan tó wá ń di ti orílẹ̀-èdè? Èrò mi ni pé iṣẹ́ èdè wà nínú rẹ̀ púpọ̀, àti pé àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ohun tí a lè rí níbẹ̀ tí àwọn ará ẹ̀ka ìmọ̀ òṣèlú lè má kíyè sí. (Kí wọ́n má bínú.)

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, torí ó yà mí lẹ́nu bí àwa ọmọ ìgbà yìí ṣe mọ báàgì tí a kò mọ ìtàn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia ní Gánà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹjọ ọdún náà, gbé àṣẹ kan jáde. Àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó kẹ́rù rẹ̀ kúrò. Àṣẹ náà kan ará Tógò, ará Niger àti ará Burkina Faso, tí wọ́n ń pè ní Upper Volta nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀ gan-an, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì. Ọjà ni wọ́n ń tà, ní Accra, ní Kumasi, títí dé Tamale àti àwọn ìlú kéékèèké ní àríwá. J. S. Eades, tó kọ ìwé Strangers and Traders nípa wọn ní 1993, fi hàn bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń fa àbúrò lọ, tí ará ìlú kan ń fa ará ìlú rẹ̀, títí tí ọjà kan yóò fi kún fún ọmọ baba kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sí Gánà. Ìwé ìgbélùú wo ni ọmọ tí a bí sí ilé yóò wá lọ gbà?

Kí ló dé tí Busia fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ọrọ̀ ajé Gánà ti bàjẹ́. Wọ́n ti lé Kwame Nkrumah kúrò lórí oyè ní 1966, gbèsè ìgbà rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Iṣẹ́ kò sí fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tó bá dé ọjà, àjèjì ló máa rí tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Nàìjíríà sì wà lẹ́nu ogun abẹ́lé nígbà náà, kò ráyè ìjà mìíràn. Busia fúnra rẹ̀ kò pẹ́ lórí àga: ní oṣù kìíní 1972 àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Lílé àwọn àjèjì kò gba ọrọ̀ ajé Gánà là.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ìlù náà yí padà. Epo rọ̀bì ti sọ Nàìjíríà di ọlọ́rọ̀ ní àárín ọdún 1970 sí 1980. Náírà kan ju dọ́là kan lọ. Àwọn ará Gánà ń wọlé: olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, bíríkìlà, ẹni tó ń ṣe bàtà. Lẹ́yìn náà owó epo já wálẹ̀, ìdìbò sì ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ 1983. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún náà, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún un fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Iye tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá ni pé àwọn àjèjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó mílíọ̀nù méjì, tí àwọn ará Gánà nínú wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan.

Ibi tí ó ti burú jù ni ojú ọ̀nà. Jerry Rawlings ti ti ẹnubodè Gánà láti oṣù kẹsàn-án 1982. Nígbà tí Gánà kò gba ènìyàn, Tógò kò fẹ́ kí wọ́n kó jọ sí ọ̀dọ̀ òun, orílẹ̀-èdè Benin náà kò fẹ́. Ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn bá há sí Sẹ̀mẹ̀, ní ojú oòrùn, pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù, títí Rawlings fi ṣí ẹnubodè ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní. Ilé tí wọ́n sì ń lọ, ọ̀dá àti iná inú igbó ló ń bá a jà lọ́dún náà; ìyàn ni wọ́n bá. Ní 1985 ìjọba Buhari tún lé àwọn àjèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ló gba orúkọ náà, ó sì jẹ́ ẹ títí dòní.

Ẹ kíyè sí iye ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ní 1969, ọjọ́ mẹ́rìnlá ní 1983. N kò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ kó bá ara wọn mu, ṣùgbọ́n etí ènìyàn kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ilé kejì sí tiwa ní Ìsọlọ̀, ìyá àgbà kan wà tí wọ́n bí sí Kumasi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà tí àṣẹ Busia jáde. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú fóònù tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀. Àrànmọ́ fáwẹ̀lì nínú ẹ̀ka-èdè Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń wá, kò kan Gánà rárá. Ìtàn ló kàn bẹ́ sílẹ̀, mo sì fi fáwẹ̀lì sílẹ̀ ní tèmi.

Ìyá wọn ń ránṣọ ní Kumasi. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí gbèdéke pé, aládùúgbò wọn kan, obìnrin ará Gánà, ra máṣíìnì ìránṣọ ìyá wọn ní owó tí kò tó ìdá mẹ́rin iye rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó sunkún bá wọn, ó bá wọn di ẹrù, ó sì san iye tó wù ú. Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí àwọn ọmọ kò fojú rí rí, àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ torí Twi tó wà nínú Yorùbá ẹnu wọn.

Ó di 1983. Wọ́n ti wà nílé ọkọ, ní Ìsọlọ̀ níbí, nínú ilé oníyàrá tó kọjú síra tí ogún ènìyàn ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Tọkọtìyàwó kan láti Gánà wà nínú ilé náà, ìyàwó sì ní máṣíìnì. Nígbà tí ìkéde jáde, obìnrin náà gbé máṣíìnì rẹ̀ wá bá wọn. Màmá sọ fún mi pé: "Mo mọ iye tó tó. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Iye tí wọ́n dá lé ti ìyá mi ni mo dá lé e. Inú mi dùn. Ojú sì ń tì mí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, ọmọ mi."

Mo bi wọ́n pé ṣé obìnrin náà mọ ìdí tí wọ́n fi ń ná an bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní, "Kí ló kan òun? Ará Accra ni. Kò dé Kumasi rí."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi gbólóhùn méjì yẹn ṣeré lórí ìwé: inú mi dùn, ojú ń tì mí. Gbogbo wa mọ̀ pé Yorùbá kì í fi ẹni tí nǹkan ń ṣe ṣe olùwà nínú irú gbólóhùn yìí. "Ẹ̀rù bà mí": ẹ̀rù ni olùwà, èmi ni àbọ̀. "Inú bí mi", "ojú tì mí", "ìlara mú un", bákan náà ni. Nǹkan náà ló ń dé bá ènìyàn. Kò sí ẹni tó ń bínú nínú gírámà wa láìjẹ́ pé inú kan wà tí ìbínú náà ti ń wá. "Bínú" fúnra rẹ̀, "bí" àti "inú" ló so pọ̀. "Kùn sínú" náà ń fẹ́ inú tí yóò gba ìkùn náà. Nítorí náà, tí a bá ní inú ń bí Nàìjíríà, a ti fún Nàìjíríà ní ikùn. Ìfohunpènìyàn ni wọ́n kọ́ wa pé ó ń jẹ́ nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì kọ́ wa bí ẹni pé inú ewì nìkan ló ń gbé. Ẹ wo àkọlé ìwé ìròyìn wa: Gánà fárígá, Nàìjíríà fàáké kọ́rí, ìlú kan yarí. Kò sí èyí tí kì í ṣe ìṣe ènìyàn ẹlẹ́ran ara nínú gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe é. George Lakoff àti Mark Johnson kọ Metaphors We Live By ní 1980, tí àwa tó ṣe kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ìtumọ̀ ti bá pàdé. Nígbà tí ogun Iraq àti Kuwait dé ní 1991, Lakoff kọ àròkọ kan tó fi hàn bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń sọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè bí ẹni pé ènìyàn kan ni. Wọ́n so Iraq mọ́ Saddam Hussein, bọ́ǹbù wá dà bí ẹ̀ṣẹ́ tí a fẹ́ fi gbá ọkùnrin kan lójú. Bẹ́ẹ̀ orí àwọn tí kì í ṣe Saddam ló ń bọ́ sí.

Ohun kejì tí mo rí ni "wọ́n". Yorùbá kò ní ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà fi olùṣe pamọ́, a kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. "Wọ́n" la máa ń lò: wọ́n ti jí fóònù mi, wọ́n bí mi sí Ìsọlọ̀, wọ́n ti mú iná lọ. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé àwọn wo. Arọ́pò-orúkọ yìí kan náà ni ti ẹni kẹta ọ̀pọ̀, níbi tí àwọn ènìyàn kan pàtó ti wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Òun náà la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń fi í pe ìyá àgbà láti òkè wá. Iṣẹ́ mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ kékeré kan.

Ẹ wá fi sí ẹnu ẹni tó dé láti Kumasi ní 1969. "Wọ́n lé wa." Ní ọjọ́ tó dé, "wọ́n" àìmọ̀ ni, bí "wọ́n ti mú iná lọ": ìjọba ṣe é, ọlọ́pàá ṣe é, a ò mọ ẹni tó ṣe é gan-an. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, tí kò mọ Busia, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kòkó. Ó ní láti fi ojú kan sí "wọ́n" náà, ojú tó sì wà nítòsí ni ti ará Gánà tó ń gbé yàrá kejì. Báyìí ni n ṣe rò pé ìkùnsínú ń kọjá láti ìran dé ìran. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìkórìíra. Ó kàn lè jẹ́ pé gbólóhùn náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ arọ́pò-orúkọ inú rẹ̀ ti yí. N kò ní ẹ̀rí tó ju ti ẹnu àwọn ènìyàn díẹ̀ lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí ta kò mí.

"Wa" náà ní ẹjọ́. Àwọn èdè kan yà á sọ́tọ̀, èyí tó kan ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ àti èyí tí kò kàn ọ́. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní "wọ́n lé wa", èmi tí mò ń gbọ́ ti wà nínú "wa" kí n tó mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí. Mo di ẹni tí a lé. Benedict Anderson, nínú ìwé Imagined Communities, sọ pé orílẹ̀-èdè jẹ́ àwùjọ tí a fi ọkàn rò, torí àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè mọ ara wọn tán láéláé. (Ọdún 1983 ni ìwé náà jáde, ẹ wo bó ṣe bọ́ sí i.) Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ mo fẹ́ fi kún un pé lẹ́tà méjì péré ni Yorùbá nílò fún iṣẹ́ náà.

Ṣé 1983 wá jẹ́ ẹ̀san 1969 lóòótọ́? Ohun tí ìyá oníbáàgì gbàgbọ́ nìyẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí wa gbàgbọ́ sì ni. Èmi kò gbà á tán. Àṣẹ 1983 kò mọ sí Gánà; ó lé ará Niger, ará Chad, ará Cameroon, ará Tógò àti ará Benin, tí kò sí ìkankan nínú wọn tó ti lé wa ní 1969. Ìjọba ń tọ́ka sí iṣẹ́ tó ṣọ̀wọ́n, sí olè, sí rògbòdìyàn Maitatsine tó ṣẹlẹ̀ ní Kano ní 1980 àti ní Maiduguri àti Kaduna ní 1982, tí wọ́n ní ọwọ́ àwọn àjèjì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Yorùbá ló pọ̀ nínú àwọn tí Busia lé, ìjọba tó sì pàṣẹ ní 1983 kì í ṣe èyí tí àwọn Yorùbá dìbò fún ní Èkó níbí, níbi tí Lateef Jakande ti ẹgbẹ́ UPN ti jẹ́ gómìnà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kọ́ ló gbẹ̀san.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé ìmọ̀lára kò ṣe nǹkan kan. Ìjọba ló fa àṣẹ náà. Àìní owó àti ìdìbò tó ń bọ̀ ló ti ìjọba. Ṣùgbọ́n kí ló mú kí aládùúgbò dákẹ́? Kí ló mú kí ènìyàn rere ra máṣíìnì ní ìdá mẹ́rin iye rẹ̀ kí ó sì sùn lóru? "Àwọn náà ló kọ́kọ́ lé wa" ló ṣe ìyẹn. Ó sọ ohun tí ìjọba ṣe nítorí owó di ohun tí ẹ̀tọ́ ní kí a ṣe. Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS nígbà náà, èyí tí wọ́n ṣe ní Dakar ní oṣù karùn-ún 1979, pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní 1975. Àdéhùn wà nínú ìwé, "wọ́n" wà lẹ́nu.

Ìgbéraga tún wà níbẹ̀, n kò sì fẹ́ fò ó. Gánà gba òmìnira ní 1957, ọdún mẹ́ta ṣáájú wa, Nkrumah sì ni gbajúmọ̀ gbogbo adúláwọ̀. Nígbà tí epo dé, àwa di ọ̀gá, ọmọ Gánà tó kàwé wá ń kọ́ ọmọ wa, wá ń ṣe bàtà wa. Ẹni tó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí tó wá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àárín wọn kì í rọrùn. Ìlara ń lọ, ẹ̀gàn ń bọ̀.

Ní 1969 kan náà, ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, Honduras bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn àgbẹ̀ ará El Salvador tó ń gbé inú rẹ̀. Nǹkan bí 300,000 ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ní oṣù kẹfà, orílẹ̀-èdè méjèèjì pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí pápá bọ́ọ̀lù fún ìpegedé ife àgbáyé, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sì lu ara wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje, ogun bẹ́, ó jà fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú. Ogun Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló fà á. Bọ́ọ̀lù kàn fi "wa" àti "wọn" sí ẹnu gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan náà ni.

Kí ló dé tí Gánà àti Nàìjíríà kò jagun? Ìdí kan rọrùn: a kò pààlà. Tógò àti Benin wà láàárín. Ní 1969 ogun ti wà nílé wa. Ní 1983 àwọn méjèèjì kò lówó. Ó dùn mọ́ni láti sọ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú ọ̀nà àti àpò ló ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. A wá ń fi jọ̀lọ́ọ̀fù jà lórí Twitter. Nígbà tí Gánà sì já ife àgbáyé gbà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Abuja ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2022, pẹ̀lú ọ̀mì 1-1, àwọn ènìyàn ya wọ pápá, wọ́n ń fọ́ nǹkan. Mo wò ó ní ibùdó ìwòran kan ní Ìsọlọ̀. Ẹni tó jókòó tì mí ní kí wọ́n tún lé wọn lọ. Ọmọkùnrin náà kò tó ogún ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan. Òfin Gánà ti ọdún 2013 lórí ìdókòwò fi òwò ọjà pẹẹpẹẹpẹ sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan, wọ́n sì ti ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi ní 2019 àti ní Accra ní 2020. Àwa náà ti ẹnubodè ilẹ̀ wa pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, ọjà àwọn ará Gánà sì há. Ní ìparí oṣù keje 2025 àwọn kan jáde ní Accra pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, Nàìjíríà sì rán mínísítà Bianca Odumegwu-Ojukwu lọ síbẹ̀ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sórí páálí ni "Nigerians Must Go".

Mo wo àwòrán náà pẹ́. Orúkọ báàgì ni. Wọ́n yọ orúkọ kan, wọ́n fi òmíràn sí i, ìyókù wà bó ṣe wà. "Must" yẹn kò sì ní ẹni tó ń pàṣẹ nínú. Dandan ni, ṣùgbọ́n ta ló ní ó di dandan? Àwa tí à ń gbé báàgì náà lójoojúmọ́ kò gbọ́ gbólóhùn inú rẹ̀ mọ́. Ó ti gan mọ́ra bí orúkọ ọjà lásán, a tilẹ̀ ti fi í ṣe àkàwé owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àwọn olóṣèlú. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é kò gbàgbé. Ní Jámánì wọ́n ń pe irú báàgì náà ní àpótí àwọn ará Túúkì, ní Trinidad wọ́n so ó mọ́ àwọn ará Guyana. Ní Gánà fúnra rẹ̀, orúkọ kan tí wọ́n ń fún un ní Twi ni "efiewura sua me", tó túmọ̀ sí "onílé, ẹ gbé e rù mí". "Efie" ni ilé, "wura" ni ẹni tó ni ín. Ẹ wo bí ó ṣe bá "onílé" tiwa mu.

Kí n tó gbàgbé, irú gírámà yìí kò nílò ẹnubodè. Ẹni tó bá gbé Ìsọlọ̀ ní oṣù kẹta 2023, ní ìgbà ìdìbò gómìnà, mọ̀ pé ẹnu kan náà tó ń pe ẹnì kan ní àlejò lánàá lè pè é ní àtọ̀húnrìnwá lónìí. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Ọ̀ṣòdì a sì máa so orúkọ àdúgbò wọn mọ́ Oṣòdì Tápà, ọmọ Tápà tí a mú wá sí Èkó ní kékeré, tó wá di balógun fún Kòsọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Àwọn ará Gánà ń pe àwa ní Alata. Ọṣẹ dúdú wa ni wọ́n ń pè ní "alata samina". Yorùbá tó bá gbọ́ ọ, aláta ni yóò rò, ẹni tó ń ta ata, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ pé ibẹ̀ ló ti wá. Àwọn onímọ̀ kan so ó mọ́ Allada, ìlú àtijọ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní àárín ìlú àtijọ́ ní Accra, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Ngleshie Alata. Àdúgbò náà ti wà kí Busia tó dé ayé, wọn kò sì yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́yìn àṣẹ 1969.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí síbí ni pé mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ìyá àgbà aládùúgbò wa ṣì máa ń ka owó ní Twi tí wọn kò bá fẹ́ kí a mọ iye tó wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá ní òbí tàbí òbí àgbà tó padà dé láti Gánà, ní 1969 tàbí ṣáájú, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta fún mi: orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, orúkọ tí àwọn ará ilé ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n dé, àti gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ bí wọ́n ṣe kúrò. Ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá jẹ́ Èjìgbò, tí ẹbí rẹ̀ wà ní Abidjan (Èjìgbò ti Ọ̀ṣun ni o, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ Ìsọlọ̀ wa níbí), mo fẹ́ tiyín náà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé ìròyìn yìí kí sáà tó parí.